Ọgbẹ́ ti Jinná, Kí ni Ìtànṣán Tún Wá Ṣe?

 

Lẹ́tà tí a fẹ́ dáhùn lónìí ti ọ̀dọ̀ ìyá kan wá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ ní ilẹ̀ Faransé. Bàbá ọkọ ọmọ náà, òyìnbó ẹni ọdún 74, rí kókó kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítòsí etí. Kò dùn ún, kò yún un. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti tó èkùrọ́. Wọ́n gé e. Wọ́n yẹ ẹran ara tí wọ́n gé náà wò, wọ́n sì ní jẹjẹrẹ awọ ara ni, irú kan tí kò wọ́pọ̀, tí à ń pè ní jẹjẹrẹ Merkel. Ojú ọgbẹ́ ti pa dé. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní kí bàbá máa bọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, kí wọ́n fi ìtànṣán sí ojú ibẹ̀ àti sí ọrùn rẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n ti gé sọnù, kí ni wọ́n tún fẹ́ sun níbẹ̀? Ilé pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó ilé tẹ ìyá rẹ̀ láago, ìyá sì kọ̀wé sí wa pé: kí ni kí n sọ fún ọmọ mi?

Ìyá wa, ẹ sọ fún un pé kí òun àti ọkọ rẹ̀ rọ bàbá kí ó lọ, kí ó sì tètè lọ. Dókítà tí ó fi ojú rí ọgbẹ́ náà ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, a kò sì lè jókòó níbí kí a máa tọ́jú ẹni tí ó wà ní Faransé. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro láti mọ̀, ó sì yẹ kí ó yé gbogbo ilé, nítorí ìbéèrè bàbá yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Mélòó nínú wa ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Bí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé, a ti ń bẹ Mísà ọpẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Ní ọdún 1875, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Friedrich Merkel, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo awọ ara, ó sì kọ̀wé nípa àwọn hóró kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìpele awọ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan ìmọ̀lára. Àwọn hóró wọ̀nyí wà lára ohun tí ń jẹ́ kí a mọ nǹkan nípa fífọwọ́kàn. Wọ́n pọ̀ ní orí ìka. Ìyá aláṣọ tí ó fi ìka méjì ra etí aṣọ láìwò ó, tí ó sì sọ fún ọ pé òwú gidi ni tàbí ayédèrú, àwọn ni wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́. Ní 1972, Cyril Toker, dókítà ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ènìyàn 5 tí irú jẹjẹrẹ awọ kan mú, irú èyí tí a kò tíì yà sọ́tọ̀ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rí i pé hóró jẹjẹrẹ náà jọ hóró tí Merkel rí, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Wọ́n ṣì ń jiyàn títí di òní bóyá láti ara àwọn hóró wọ̀nyẹn gan-an ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa jiyàn wọn lọ. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, lára wọn Yuan Chang àti ọkọ rẹ̀ Patrick Moore, rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú 8 nínú kókó 10 tí wọ́n yẹ̀ wò. Kòkòrò náà kì í ṣe àjèjì. Ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ni ó ti wọ̀ lára láti ìgbà èwe, tí ó sì jókòó jẹ́ẹ́ sí awọ wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Lára àwọn díẹ̀ nìkan ni ó ti ń ṣèèṣì há sínú ìwé àṣẹ hóró awọ, tí hóró náà á wá ya ìpáǹle. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ là á yé ènìyàn pé jẹjẹrẹ Merkel kì í ràn. Bàbá náà kò lè kó o ran ìyàwó ilé tí ń fọ aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kó o ran àwọn ọmọ-ọmọ tí ń gun itan rẹ̀. Ní ti àwọn tí a kò rí kòkòrò yìí nínú kókó wọn, oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ba hóró awọ wọn jẹ́. Irú èyí ni ó pọ̀ jù ní Ọsirélíà, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun ń gbé lábẹ́ oòrùn gbígbóná.

Àgbàlagbà ni ó sábà ń mú, àwọn tí ó ti kọjá 70 ní pàtàkì, aláwọ̀ funfun sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 300 mílíọ̀nù lọ, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó ń mú lọ́dún. Òun ni ó pa Max Perutz, onímọ̀ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962, nígbà tí ó di 2002. Òun náà ni ó pa Jimmy Buffett, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ní ẹni ọdún 76. Ẹni tí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà bá ti dínkù wà nínú ewu pẹ̀lú: ẹni tí a fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, tí ó ń lo oògùn kí ara má baà kọ̀ ọ́, ẹni tí ó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, àti ẹni tí ó ní kòkòrò Sida lára. Nítorí náà kí aláwọ̀ dúdú má ṣe pè é ní àrùn òyìnbó, kí ó sì yí ojú ewé sí ibòmíràn. Ó ṣọ̀wọ́n lára wa, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀.

Ó tún ní àwọn ìbátan tí wọ́n mọ ilé wa dáadáa. Jẹjẹrẹ awọ tí à ń pè ní mẹlanómà, nígbà tí ó bá mú aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná ni ó sábà ń yàn. Ìka ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i ní 1977, ó sì kú ní oṣù Karùn-ún 1981, ní ẹni ọdún 36 péré. Ojú àpá iná àtijọ́ tí ó tún ṣí di egbò, tí egbò náà kọ̀ tí kò jinná, lè di jẹjẹrẹ. Àwọn àfín wa ńkọ́? Láti kékeré ni kí a ti máa fi fìlà olétí gbígbòòrò àti aṣọ alápá gígùn bò wọ́n lọ́wọ́ oòrùn, nítorí jẹjẹrẹ awọ a máa mú wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó ohun tí a lè fi odidi ojú ewé kan sọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ti Merkel. Ohun tí ó fi ń tan ènìyàn jẹ ni pé kì í dunni. Ní 2008 kan náà, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 195. Nínú 100 wọn, 88 ni kókó náà kò dùn rárá. Ju ìdajì lọ, dókítà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé kókó tí kò léwu ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún dókítà, kí ni kí ó ṣe baálé ilé? Àwa pẹ̀lú, ìrora ni ó ń gbé wa dé ilé ìwòsàn. Kókó tí kò dunni, a ó fi òrí pa á, a ó sì máa lọ sóko wa. Èyí tí ó yẹ kí ó lé ènìyàn dìde ni kókó líle tí ń dán, tí ó pupa tàbí tí ó ní àwọ̀ àlùkò (lára awọ dúdú, àwọ̀ rẹ̀ lè má yàtọ̀ púpọ̀ sí ti awọ ìyókù), ní orí, ọrùn, apá tàbí ẹsẹ̀, tí ó ń tóbi sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù méjì, mẹ́ta. Ọjọ́ ni kí a máa kà níbẹ̀. Kí a má ṣe dúró de ìrora.

Bí wọ́n bá ti mọ ohun tí ó jẹ́, iṣẹ́ abẹ ni ó sábà ń ṣáájú. Oníṣẹ́ abẹ kì í gé kókó náà nìkan. Yóò fi sàǹtímítà kan sí méjì awọ tí ó dára yí i ká, yóò sì gé gbogbo rẹ̀ jìn dé ìpele tí ó bo ẹran ara. Ní ẹ̀yìn tàbí ní itan, àyè wà fún irú gígé bẹ́ẹ̀. Ní ojú, ẹ wò ó fúnra yín: ojú wà níhìn-ín, imú wà lọ́hùn-ún, etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣan tí ń jẹ́ kí ẹnu lè rẹ́rìn-ín gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sí bí oníṣẹ́ abẹ ṣe lè mọ iṣẹ́ tó, kò lè gé sàǹtímítà méjì yíká nítòsí etí láìba nǹkan jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn kókó kéékèèké tí Ẹlẹ́dàá fi sí ọrùn, abíyá àti abẹ́ itan wa, tí wọ́n ń sẹ́ omi ara bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Hóró Merkel fẹ́ràn láti bá omi ara rìn dé ibẹ̀. Ọwọ́ lè máà bá nǹkan kan níbẹ̀ kí ó sì ti dé. Àwọn dókítà á wá fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn aláwọ̀ tàbí oògùn tí ẹ̀rọ lè rí, lẹ́bàá ibi tí kókó wà, wọn á sì tọpa rẹ̀ dé kókó àkọ́kọ́ tí omi ibẹ̀ ń ṣàn sí. Wọn á yọ ọ́, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àwọn aláìsàn 3 tí ọwọ́ kò bá nǹkan kan lọ́rùn wọn, nǹkan bí ẹnì kan ni jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí ni ìdí tí wọ́n fi ń dárúkọ ọrùn bàbá náà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

A fẹ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ohun tí a rí nílé. Gbogbo ohun tí a sọ nípa bàbá yìí, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yẹ ẹran tí wọ́n gé wò ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀dọ̀ wa, a ti rí ibi tí wọ́n ti gé kókó lára ènìyàn, tí wọ́n sì da ohun tí wọ́n gé nù pẹ̀lú òwú ẹlẹ́jẹ̀. Aláìsàn lọ sílé, inú rẹ̀ dùn. Ọdún kejì kókó padà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè. Ẹ sọ pé: "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ẹ ń fi ẹran yìí ránṣẹ́ sí fún àyẹ̀wò, ìgbà wo ni kí a wá gba ìwé rẹ̀?" Bí wọ́n bá ní owó ni àyẹ̀wò náà ń fẹ́, ẹ wá owó náà ṣáájú owó aṣọ ẹbí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi abẹ fẹ́lẹ́ bẹ́ irú kókó bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó má fi okùn so ó, kí ó má fi oògùn tí ń jó awọ lé e lórí. Òkè lásán ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń dé; yóò jinná lókè, yóò máa rìn nísàlẹ̀.

Nísinsìnyí, ìbéèrè bàbá. Wọ́n ti gé e, kí ni ìtànṣán tún wá ṣe?

Àwọn àgbẹ̀ Kétu àti Sábẹ̀ mọ koríko èkan. Ẹ ro oko èkan kí ó mọ́ tónítóní, kí ilẹ̀ máa dán. Àlejò tí ó bá kọjá yóò ní oko yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni oko mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ ti na ara rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe abẹ́ ibi tí ewé rẹ̀ ti hù nìkan. Òjò kan, méjì, ó ti yọrí ní ibi tí ọkọ́ kò kàn rí. Bẹ́ẹ̀ ni ti Merkel. A máa fi àwọn hóró díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ nínú awọ tí ó yí i ká àti ní ojú ọ̀nà omi ara, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣẹ́ abẹ kò lè rí wọn, tí ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò inú ara pàápàá kò lè rí wọn. Wọ́n sì ń yára bímọ. Jíjinná ọgbẹ́, iṣẹ́ awọ ni. Kò sọ nǹkan kan fún wa nípa wọn.

Ìtànṣán ni ó lè dé ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kò dé. Ẹbí fọ́tò egungun tí wọ́n ń yà ní ilé ìwòsàn ni. Wilhelm Röntgen, ọmọ Jámánì mìíràn, ni ó rí ìtànṣán ti fọ́tò náà ní 1895. Kò pẹ́ rárá tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára àwọn tí jẹjẹrẹ mú. Èyí tí wọ́n fi ń wo àrùn lágbára ju ti fọ́tò lọ fíìfíì. Àwọn ènìyàn wa a máa pè é ní iná, wọn a ní "wọ́n lọ fi iná sun ún," ọ̀rọ̀ yìí nìkan sì tó láti lé àgbàlagbà sá. Kò gbóná. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ náà kò ní í mọ̀ ọ́n lára rárá.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Inú hóró ara kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà, èyí tí ń sọ fún hóró náà bí yóò ṣe gbé ayé rẹ̀ àti bí yóò ṣe pín sí méjì. Ìtànṣán a máa já ìwé yìí. Hóró tí ó pé a máa tún tirẹ̀ lẹ̀ pọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Hóró jẹjẹrẹ tí ń kánjú bímọ kì í ráyè tún tirẹ̀ ṣe dáadáa. Nígbà tí ó bá fẹ́ pín, yóò kú. Nítorí èyí ni wọn kì í fi fún ènìyàn ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ lónìí, kí ara ráyè tún ara rẹ̀ ṣe, díẹ̀ lọ́la. Gray ni orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. 2 Gray ni ó sábà máa ń jẹ́ lójúmọ́. Bí etí ibi tí wọ́n gé bá mọ́, tí wọn kò rí hóró jẹjẹrẹ kankan níbẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ máa ń wà láàárín 50 sí 56. Bí ohun kan bá ṣẹ́kù tí ojú lè rí, ó lè dé 60 tàbí 66. Ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n sọ fún bàbá: ọjọ́ 25, 2 lójúmọ́, 50 nìyẹn. Wọn kò ṣèèṣì dá iye ọjọ́ náà.

Nínú gbogbo jẹjẹrẹ awọ, ti Merkel wà lára àwọn tí ó máa ń gbọ́ràn sí ìtànṣán lẹ́nu jù. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ kò lè gba oògùn oorun iṣẹ́ abẹ, tàbí tí kókó rẹ̀ wà níbi tí a kò lè gé, ìtànṣán nìkan lè ká a lọ́wọ́ kò níbi tí ó wà. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa mẹlanómà, tí orí rẹ̀ le sí ìtànṣán.

Ìdí tí a fi ní kí bàbá tètè lọ sì nìyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ní kété tí ojú rẹ̀ bá ti pa dé, ni ó yẹ kí ìtànṣán bẹ̀rẹ̀. Àrùn tí ó ti inú hóró ẹ̀wà di èkùrọ́ láàárín oṣù méjì, kò ní í dúró de ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ lọ sinmi ní abúlé títí ọdún yóò fi yí. Kí a sọ òtítọ́: bí a tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀, nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 40 ni ó máa ń padà sí lára láàárín ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó sì pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ní ìtànṣán yóò mú un kúrò pátápátá láìkùnà ń purọ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dín ṣíṣeéṣe pé àrùn yóò padà sí ojú ibẹ̀ àti sí ọrùn kù, ìdínkù yìí sì ṣe pàtàkì, pàápàá fún ti orí àti ọrùn.

Ẹnì kan lè bi wá pé ṣé dandan ni fún gbogbo ènìyàn. Rárá. Bí kókó náà bá kéré gan-an, tí etí ibi tí wọ́n gé mọ́ dáadáa, tí kókó àkọ́kọ́ inú omi ara mọ́, tí ara aláìsàn sì lágbára láti bá àrùn jà, dókítà lè ní kí àwọn máa ṣọ́ ọ lásán. Nítorí náà bàbá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè: "Ní ti èmi, kí ni ẹ rí tí ẹ fi ní kí n gba ìtànṣán?" Kí ó béèrè, kí wọ́n dá a lóhùn, kí ó tó sọ pé òun kọ̀. Ohun tí kò bójú mu ni kí ó kọ̀ nítorí pé ọgbẹ́ ti jinná.

Wàhálà tí ó wà níbẹ̀, kí ìyàwó ilé mọ̀ ọ́n ṣáájú kí ó má baà já a láyà. Wọn yóò ṣe ìbòjú oníhò kan tí ó bá orí bàbá mu rẹ́gí, wọn yóò dè é mọ́ ibùsùn ẹ̀rọ kí orí má baà mì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìbòjú yìí ni ó ń ba àwọn mìíràn lẹ́rù ju ìtànṣán lọ. Tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, awọ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ti òyìnbó tí oòrùn pa (lára wa, dúdú ni ó ń ṣú sí i), ó lè bó, irùngbọ̀n ibẹ̀ lè já. Irun orí ìyókù kò ní í já. Ó máa ń rẹ ènìyàn. Bí ìtànṣán bá kan ibi tí itọ́ ti ń sun, ẹnu á gbẹ, oúnjẹ kò sì ní í dùn ún lẹ́nu bí ti tẹ́lẹ̀. Ó dára kí ó lọ rí oníṣègùn eyín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kí wọ́n fi máa wẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n má fi ìpara olóòórùn tàbí ìpara gbígbóná sí i. Ìyá wa, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi òrí ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè.

Ẹ tún béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n kó àwọn ọmọdé jìnnà sí bàbá ní àkókò náà. Kò yẹ. Irú ìtànṣán tí ń ti inú ẹ̀rọ wá báyìí, bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, kò sí nǹkan kan tí ó ṣẹ́kù sí ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe é ṣẹ́kù sí yàrá nígbà tí a bá pa fìtílà. Kí wọ́n máa gun itan bàbá wọn àgbà lọ.

Tí ó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti rìn dé ẹ̀dọ̀ tàbí egungun, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, oògùn líle tí ń pa hóró ni wọ́n ń lò. Kókó á sún kì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ó fi ń padà. Láti 2017 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ avelumab, tí kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ó ń tú ìjánu tí jẹjẹrẹ fi de àwọn ọmọ-ogun ara. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́ rẹ̀ lára aláìsàn 88 tí oògùn líle ti kùnà fún, nǹkan bí ìdámẹ́ta ni kókó wọn sún kì, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ó sì pẹ́ kí ó tó tún padà. Àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà. Owó wọn ga. Ṣùgbọ́n ní ti bàbá tiwa, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ti wí, kò tíì dé ibẹ̀.

Nígbà tí ìtànṣán bá parí, wọn yóò máa pè é padà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí ó má pa ọ̀kan jẹ. Láàárín méjì, kí ìyàwó ilé bá a fi ọwọ́ tọ́ ojú àpá náà wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn sọ̀kalẹ̀ dé èjìká, kí ó fi ìka rọra wá abẹ́ àgbọ̀n, apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ó lè mọ̀ bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì. Bí ó bá bá ohun líle kan bí hóró ẹ̀wà tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tẹ dókítà láago ní ọjọ́ náà, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn.